Orúkọ Láìní Ojú, Ojú Láìní Orúkọ

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Iná ò sí ní gbogbo àdúgbò, àwa mẹ́rin sì jókòó sí pálọ̀ màmá àgbà ọ̀kan nínú wa ní Sùúrùlérè. Mámà ní ká bá àwọn gbé pọ́tímántò kan sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, pé òjò ti ń jò sí i. Nígbà tí a ṣí i, a bá aṣọ òfì méjì níbẹ̀, a bá rìsíìtì owó ilé, a bá ìwé ètò ìsìnkú àwọn ènìyàn tó ti kú kí wọ́n tó bí wa. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni àpò ìwé kan wà tó kún fún àwòrán dúdú-àti-funfun.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà kò jẹ́ ká ráyè gbé ìyókù. Ọmọbìnrin kan ló dúró níwájú ilé tuntun. Ó gbé igbá sí ìbàdí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lápàárá. A yí ẹ̀yìn àwòrán náà wò. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ 1958 síbẹ̀. Kò sí nǹkan míì.

"Mámà, ta nìyí?"

"Ẹ gbé e súnmọ́ mi." Mámà wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ilé kan náà la jọ gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí wọ́n tó kó gbogbo wa wá síbí. Ojú ẹ̀ ni mò ń wò yìí, orúkọ ẹ̀ ni mi ò rí mú."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Ojú wà, orúkọ sọnù. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń tú íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri: ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ, àkójọ àwòrán àtijọ́, lẹ́tà àwọn tó ti kú, ìwé ìròyìn tó ti gbó. A rí nǹkan tó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rí i ni a ń rí i pé ohun tó ṣe àwòrán Mámà náà ló ṣe ìdajì ìtàn wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀kan nínú wa ń gbé Yaba, ọ̀kan ń gbé Mushin, àwọn méjì tó kù wà ní Sùúrùlérè. Orí Mainland yìí ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dáhùn nígbà tí a bi ara wa pé, báwo ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe di ará Sùúrùlérè? A rò pé wọ́n kàn kó wá ni, bí ènìyàn ṣe ń kó ilé. Irọ́ gbáà ni.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Ó pa ènìyàn, ó lọ, ó tún padà wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe ní ọdún mélòó kan. Ìjọba amúnisìn ní àwọn ilé tó há mọ́ra ní Erékùṣù ló fà á. Ní 1928, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, pé kí ó máa wó àwọn ilé tó há, kí ó sì máa la àdúgbò tuntun. Yaba wà lára ibi tí wọ́n là. Bí ẹ bá ti rìn ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Yaba rí, tí ẹ rí i pé òpópónà ibẹ̀ tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, ohun tó fà á nìyẹn.

Nígbà tó di 1955, LEDB tún dìde. Òmìnira ti ń bọ̀, ìjọba sì fẹ́ kí àárín Èkó rẹwà lójú àlejò. Wọ́n yan nǹkan bí éékà 70 ní àárín Erékùṣù tí wọ́n fẹ́ wó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni yóò kúrò níbẹ̀. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tó gbà láti lọ. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní New Lagos.

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó bá àwọn tó ṣì wà ní Erékùṣù sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn tó ti dé Sùúrùlérè sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé ilé tuntun dára, afẹ́fẹ́ wà, ààyè wà, ṣùgbọ́n ẹbí tú ká. Àwọn tó ti ń gbé agbolé kan náà pẹ̀lú ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ara wọn níbi tí wọ́n ti ní láti wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó lè kí ara wọn. Àwọn tó ń tajà sọ oníbàárà nù. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè.

Nígbà tí a ka èyí sétí Mámà, wọ́n mi orí. "Ìyá mi náà nìyẹn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọjà ti tán. Nígbà tí a dé ibí, ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún? Koríko ló yí wa ká. Wọ́n ní sùúrù lérè. A ní ó dáa, a ti ní sùúrù, èrè dà?"

A rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìwé ìjọba sọ iye éékà àti iye ènìyàn. Mámà ni wọ́n sọ ti ìyá wọn. Ìwé kò purọ́, Mámà náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó gbé igbá sí ìbàdí wà nínú 30,000 yẹn, kò sì sí bí ìwé ìjọba ṣe lè sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.

Bí a ṣe ń wá kiri ni a kan ohun kan tó jẹ́ òdìkejì àwòrán yìí: ìwé tó kún fún orúkọ, tí kò sí ojú kankan nínú rẹ̀. Ó jìnnà sí Sùúrùlérè. Freetown, ní Sierra Leone, ni wọ́n ti kọ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Èkó ló kún inú rẹ̀.

Ní 1807, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí wọ́n má ṣe òwò ẹrú mọ́. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ogun ojú omi wọn ti ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, akọ̀wé yóò jókòó ti ìwé ńlá kan. Yóò kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ọjọ́ orí tó fojú dá, yóò kọ bó ṣe ga tó, yóò sì kọ àpá tàbí ilà tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn ló ń kọ. Àwọn ìwé náà ṣì wà. Wọ́n ti ya wọ́n sórí ẹ̀rọ, a sì lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ African Origins kó orúkọ tó lé ní 90,000 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ní Freetown àti èyí tí wọ́n kọ ní Havana.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé akọ̀wé yẹn kò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e, kò mọ gb, kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Bí ó ṣe ta sí i létí ló ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá fi ojú lásán kà á, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Àfi kí ẹ là á lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe African Origins fi ní kí àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà wá tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn orúkọ náà, kí wọ́n sọ èdè tó ni wọ́n. Ọ̀mọ̀wé nìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tí wọ́n bí sí Mushin, tí wọ́n ń pè ní Àìná láti kékeré, lè ṣe é.

A gbìyànjú ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àwa mẹ́rin yí fóònù kan ká, a ń ka orúkọ sókè, a ń pè é báyìí, a tún ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójijì, ẹnì kan pariwo, "Òjó ni! Òjó ni wọ́n ń pè!" Ó ṣe wá bí ẹni pé ẹnì kan dáhùn.

Ẹ sì wò ó, orúkọ tiwa kì í ṣe orúkọ lásán. Bí ẹ bá gbọ́ Àìná, ẹ mọ̀ pé ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Bí ẹ bá gbọ́ Ìgè, ẹsẹ̀ ló fi jáde. Bí ẹ bá gbọ́ Táíwò, ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé wà níbì kan, ẹ ó sì máa bi ara yín pé ṣé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Akọ̀wé yẹn rò pé òun ń ka orí ni. Kò mọ̀ pé ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn ni òun ń kọ.

Ẹnì kan wà nínú àwọn tó gba ọ̀nà yìí kọjá tó padà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà. Ẹ mọ ìdílé rẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ dánfó ní Yaba, ẹ ti gbọ́ kí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ máa pariwo Herbert Macaulay. Bàbá ìyá Herbert Macaulay ni à ń sọ: Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther.

Ní February 1837, Crowther jókòó ní Fourah Bay, ó kọ lẹ́tà sí William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS ní London. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà náà jáde láti 1842, a sì kà á lórí ẹ̀rọ, nínú dánfó, láàárín Ojúẹlẹ́gba sí Yaba. Ó sọ bí ogun ṣe ká wọn mọ́lé ní Òṣóògùn ní 1821, tí àwọn obìnrin ń sáré tọmọ-tẹrù. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, tí kò sì tún fojú kàn án mọ́. Ó sọ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Ó sọ pé òun gbìyànjú láti fi okùn ìbàdí òun fún ara òun lọ́rùn lóru. Ọmọdé ni nígbà náà o.

Wọ́n mú un dé Èkó. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń jẹ́ Esperança Felix. Ní ọjọ́ 7 oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, Àjàyí sì di ará Freetown. Ní 1843, òun kan náà tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó tún rí ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Àfàlà.

Àjàyí ni ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun la wá rí ojú rẹ̀ jù lónìí, torí pé ó mú kálàmù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ wọn, bí ohun kan bá ṣẹ́kù rárá, ìlà kan nínú ìwé akọ̀wé ni: orúkọ, ọjọ́ orí, ìwọ̀n gíga, ilà ojú. Ó tán.

A ti rí orúkọ láìní ojú. Ẹ jẹ́ ká padà sí ojú láìní orúkọ.

Ní 2011, The National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán jáde láti inú fáìlì ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Orí Flickr ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì pe àkójọ náà ní Africa Through a Lens. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Èkó wà níbẹ̀. A jókòó tì í títí bátìrì fi kú. Ọjà, afárá, ilé ẹjọ́, ọba pẹ̀lú àwọn ìjòyè, àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun tí a ṣàkíyèsí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí òyìnbó bá wà nínú àwòrán, ó sábà máa ń ní orúkọ àti oyè lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tó ń tajà, obìnrin tó ń tajà náà ni wọ́n kọ. Ọmọ ìbílẹ̀. Lébìrà. Ará Èkó. Ẹni tó ya àwòrán náà dúró tì í, kò ná an ní nǹkan kan láti bi í pé, "Kí ni wọ́n ń pè yín?"

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwòrán ayé àtijọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ti ní ilé iṣẹ́ tiwọn ní Èkó. N. Walwin Holm jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ará Èkó ń wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n ń lọ bá a, wọ́n ń san owó, wọ́n ń yan bí wọ́n ṣe fẹ́ jókòó. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ni ín. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé ẹjọ́. Ní 1920, Olóyè Olúwa Àmọ́dù Tìjánì wọ ọkọ̀ lọ sí London pẹ̀lú Herbert Macaulay, torí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀, owó gbà-má-bínú tó tọ́ sì yẹ wọ́n. Ìdájọ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á. Orúkọ Àmọ́dù Tìjánì ni ẹjọ́ náà ń jẹ́ títí di òní, àwọn tó ń kọ́ nípa òfin sì ń pè é. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ kì í tètè sọnù.

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ohun tó bá ti gbó ni òótọ́. Àwa gan-an ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. A kà pé ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde láti July 1929 títí di March 1930. Sẹ̀gilọlá ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ti ṣe fàájì lọ́jọ́ èwe rẹ̀, ó ti já ọkùnrin púpọ̀ jù sílẹ̀, ó wá dàgbà, ó wá ń ṣàìsàn, ó wá ń kábàámọ̀. Ó mẹ́nu kan àdúgbò Èkó tí àwa náà mọ̀. Inú wa dùn gan-an. A ní a ti rí obìnrin kan tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi kà á pé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ àwọn lẹ́tà yẹn. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà náà ní ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ojú tì wá díẹ̀. Ìgbà tí a wá kà á pé àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn náà nígbà yẹn gbà á gbọ́ bákan náà, tí ẹnì kan tilẹ̀ fi owó ìtọ́jú ránṣẹ́ sí i, ni ara wa tó balẹ̀. Kò jọ wá lójú mọ́ pé orúkọ yẹn kò ní ojú: kò ní i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé, bí o bá rí lẹ́tà, kọ́kọ́ bi í pé ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí, kí sì ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó kà á.

Ó wá ku ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù. Ìwé máa ń jóná.

Láti ilé ọ̀kan nínú wa ní Mushin, ẹ lè rìn dé ibi tí Kàlàkúta ti wà ní Ìdí-Ọ̀rọ̀, lójú ọ̀nà Agége Motor Road. Ní ọjọ́ 18 oṣù February 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fela níbẹ̀, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá Fela, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí Fela ti ń kó jọ fún fíìmù ìgbésí ayé rẹ̀, The Black President, bá iná lọ. Iná kì í ya nǹkan sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: àkójọ ìwé ìyá yẹn wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ kọ, àti ohun tí wọ́n kọ sí i, ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ìbàdàn kan náà ni àkójọ ìwé Herbert Macaulay wà. Kì í ṣe pé ìwé tó jóná ní Mushin kéré sí èyí tó wà ní Ìbàdàn. Ọ̀kan kàn wà níbi tí iná dé ni.

Ẹ má sì sọ pé orí ẹ̀rọ ti yanjú ẹ̀. Ní October 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ya wọ ẹ̀rọ British Library ní London. Ilé ìkàwé yẹn ló ní ètò Endangered Archives Programme, tó ti ń sanwó láti 2004 kí wọ́n lè ya ìwé tó fẹ́ bàjẹ́ káàkiri ayé, tó fi mọ́ àwọn ìwé Freetown tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti yà sórí ẹ̀rọ ni a ò lè ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ìwé Freetown wà ní Freetown, àmọ́ àwa tí a wà ní Èkó ò rí i. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má fi gbogbo ẹrù yín síbẹ̀.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn nílé. Fu'ad Lawal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Archivi.ng sílẹ̀. Wọ́n ń ya ìwé ìròyìn Nàìjíríà sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì fẹ́ kí ó kéré tán ìwé ìròyìn kan wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ 1960 títí dé ìparí 2010. Ẹ lè wá ọjọ́ ìbí bàbá yín níbẹ̀, kí ẹ rí ohun tí iye owó ọjà jẹ́ lọ́jọ́ náà. Yaba náà ní National Library, lójú títì Herbert Macaulay kan náà tí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń pariwo rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti wọlé síbẹ̀ rí?

Bí ẹ bá fẹ́ wá tiyín, ohun díẹ̀ tí a ti kọ́ rèé. Ẹ wá orúkọ ìlú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà, torí pé òyìnbó ayé àtijọ́ lè kọ Abbeokuta, ó lè kọ Yarriba, ní Freetown ó sì lè kọ Aku nígbà tó jẹ́ Yorùbá ló ń sọ. Ẹ má lo àmì ohùn nígbà tí ẹ bá ń wá a. Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ gbé e pamọ́ sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣí pọ́tímántò ilé yín. Ìwé ètò ìsìnkú tí à ń fi bo ìkòkò yẹn, ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ ìbí, ìlú òbí, ilé ìwé, iṣẹ́, orúkọ ọmọ. Ẹ fi fóònù yà á. Ẹ ya iwájú àwòrán, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ bi wọ́n pé ta nìyí, ta nìyẹn, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ náà sẹ́yìn. Bírò máa ń tú sí iwájú. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ẹbí. Lẹ́tà míì wà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà á, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ gbogbo ayé. Àwòrán ojú ènìyàn kì í ṣe tiwa torí pé a rí i nínú àpótí.

Ìdí tí a fi ń kánjú kò le. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa la ní fóònù àti dátà. Àwọn tó kó láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Sùúrùlérè ní ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ti lé ní àádọ́rin báyìí. Bí wọ́n bá lọ, àwòrán yóò kù, ṣùgbọ́n yóò di ohun tí òyìnbó yẹn kọ sábẹ́ tirẹ̀: obìnrin kan, ará Èkó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Sátidé yẹn, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, fóònù ọ̀rẹ́ wa dún. Àyà rẹ̀ já, torí ta ló ń pe ènìyàn nírú aago bẹ́ẹ̀ fún ohun rere?

"Mo ti rántí o!" Mámà ni. "Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo wà tó fi sọ sí mi lọ́kàn. Dìde, kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó tún gbàgbé."

Wọ́n pe orúkọ náà, orúkọ àbísọ, orúkọ bàbá, pẹ̀lú oríkì. Wọ́n ní ìyá ọmọ náà ló máa ń ta ẹ̀kọ ní ìta ilé wọn, pé ọjọ́ tí wọ́n kó dé Sùúrùlérè gan-an ni wọ́n ya àwòrán náà, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ló dá a lápàárá tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Orúkọ náà ti wà lẹ́yìn àwòrán báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1958, a fi pẹ́ńsù kọ ọ́. A ò ní kọ ọ́ síbí. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè wà ní Èkó yìí, àwọn ló ni ín. À ń wá wọn.